Ọmọ Tí A Ní Kò Mọ Ìkíni

 Ẹni tí ó bá gba Aba Road láti Waterlines wá sí Rumuomasi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yóò mọ ohun tí wàhálà ọ̀nà jẹ́. Ìròyìn ẹbí kò pọ̀ lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí ó wà dára. Àwọn ọmọ wa méjì tí wọ́n ṣe ìdánwò ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama yege, a bá àwọn òbí wọn yọ̀. Bàbá wa tí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Ìbàdàn ti padà dé, wọ́n sì ti ń dá ka Bíbélì wọn. Ẹ bá wa dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó gba gbogbo àkókò ìpàdé wa tó kọjá, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àwọn àgbà di ọ̀tá ara wọn. A kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ọdún 17 kan ni, ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí gbogbo yín mọ̀ ṣùgbọ́n tí a kò ní dárúkọ. Òun ni ọmọ gíga tí ó máa ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó ń ka nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí ó ń mi ara síwá sẹ́yìn, tí kì í sì í kí ni bí a bá kọjá.

Ní ọjọ́ náà lọ́hùn-ún, ọmọ yìí dúró ti kẹ̀kẹ́ kan nítòsí ọjà Rumuomasi. Ẹni tí ó ni kẹ̀kẹ́ ti lọ jẹun. Ọmọ náà ń fi ìka tọ nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan rí i, wọ́n ní olè ni. Wọ́n bi í pé, "Who you be?" Ọmọ náà dá wọn lóhùn pé, "Who you be?" Wọ́n tún bi í pé, "Wetin you dey find?" Òun náà ní, "Wetin you dey find?" Wọ́n rò pé ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kí a tó wí kí a tó fọ̀, ìgbájú ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan sì ti ń pariwo pé kí wọ́n mú táyà wá.

Ìyá kan, ọmọ Ìkwẹ́rẹ́, tí ń sun bọ̀ọ̀lì àti ẹja ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ó gba ọmọ náà sílẹ̀. Ó wọ àárín wọn pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ tí ó fi ń fẹ́ iná, ó ní oníbàárà òun ni, pé ojoojúmọ́ ni ó ń ra bọ̀ọ̀lì kan ṣoṣo lọ́wọ́ òun ní wákàtí kan náà, pé kì í bèèrè ẹ̀dínwó, kì í sì í sọ̀rọ̀, pé bí èyí bá jẹ́ olè, a jẹ́ pé olè ni gbogbo Rumuomasi. Bí ọmọ náà ṣe bọ́ nìyẹn. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà pẹ̀lú aṣọ àti ọtí. Ó gba aṣọ, ó ní òun kì í mu ọtí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílùú yìí mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ táyà fi bà wá lẹ́rù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu tí kò jìnnà sí wa, wọ́n fi ẹ̀sùn olè kan akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n ní ojúmọmọ. Ní ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí ó lọ́wọ́ sí i. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lè ṣàlàyé ara wọn, síbẹ̀ wọn kò rí ẹni gbọ́ tiwọn. Kí ni kí a wá retí fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń há sí lọ́nà ọ̀fun bí wọ́n bá ti pariwo mọ́ ọn?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé, ẹnì kan ní kí wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà nílé. Ẹlòmíràn ní kí ìyá rẹ̀ máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹnì kẹta ní òun mọ ilé àdúrà kan tí wọ́n ti ń gba irú wọn. Ìyá ọmọ náà dìde. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ dákun, kí ni ọmọ mi ṣe?" Ilé pa lọ́lọ́.

Ìbéèrè náà ni ó mú kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, kí a ka ohun tí a lè kà, kí a sì bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n.

Orúkọ tí ilé ìwòsàn fún un ni ọ́tísìmù. Kì í ṣe wèrè. Kì í ṣe odi, kì í sì í ṣe àìsàn tí ọmọ ń kó lára ọmọ. Ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ náà ń gbà gba ọ̀rọ̀, ariwo, ìmọ́lẹ̀ àti ìwà ènìyàn sínú ni ó yàtọ̀ sí tiwa. Kí wọ́n tó bí i ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé sì ní ipa ńlá níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, nínú ènìyàn 127 lórí ilẹ̀ ayé, ẹnì kan tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ka orí àwọn ọmọ wa ní ọjọ́ ọdún Kérésì àti ọdún Iléyá, ẹ ó rí i pé ọmọ yìí kò lè jẹ́ òun nìkan láàárín wa. Ọmọkùnrin tí wọ́n mọ̀ pé ó ní i pọ̀ ju ọmọbìnrin lọ, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń fi pamọ́ nípa wíwo ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣe kí wọ́n sì máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1943 ni dókítà kan tí ń jẹ́ Leo Kanner, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí wọ́n rí báyìí. Ní ọdún 1944, Hans Asperger kọ tirẹ̀ ní Vienna. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin dókítà kan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Grunya Sukhareva, ti kọ irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 20 ṣáájú àwọn méjèèjì, tí ayé kò sì kà á sí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan dé tí wọ́n ní ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ni ó fà á. Ọ̀gbẹ́ni Bruno Bettelheim kọ odidi ìwé lé e lórí ní ọdún 1967. Irọ́ gbáà ni. Ọ̀gbẹ́ni Bernard Rimland, tí òun fúnra rẹ̀ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ti já a ní koro láti ọdún 1964. Ẹ wo bí àwọn òyìnbó pẹ̀lú ìwé wọn ṣe kọ́kọ́ nàka sí ìyá ọmọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe nínú àgbàlá wa.

Àwọn kan ní àrùn òyìnbó ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1978, Victor Lotter tẹ ìwé jáde nípa àwọn ọmọ tó ní in ní àwọn ìlú Áfríkà, ilẹ̀ Nàìjíríà sì wà nínú àwọn ibi tí ó dé. Ní Enugu tí ó wà lójú irin tiwa yìí, Dókítà Muideen Bakare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ọdún mélòó kan ṣáájú 2010, wọ́n sì rí i pé ìmọ̀ wọn nípa ọ̀rọ̀ náà kò tíì tó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí ni a fẹ́ fi bá àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ wí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa Yorùbá gan-an nìyí. Ọ̀kan nínú àmì tí àwọn dókítà ń wò ni pé ọmọ náà kì í wo ojú ẹni. Ní ilẹ̀ òyìnbó, ìyá yóò tètè fura. Ní ilé tiwa ńkọ́? Ọmọ tí ó bá ń wo àgbà lójú kòrókòró ni a ń gbá létí. Nítorí náà, ọmọ tí kò wo ojú ẹnikẹ́ni lè wà láàárín wa títí yóò fi di ọmọ ọdún 6, kí a máa yìn ín pé ó ní ìtẹríba. Bí ó bá tún dákẹ́, a ní ó gbọ́n bí àgbà.

Ìkíni ni ó máa ń tú àṣírí. Ẹ wo iye ìkíni tí a ní: ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ewu, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ wọn. A gbọ́ wọn lẹ́nu ìyá wa títí wọ́n fi wọ̀ wá lára. Ọmọ tó ní ọ́tísìmù kì í sábà rí wọn gbà bẹ́ẹ̀. Àfi kí ó kọ́ wọn bí a ti ń kọ́ ìṣirò. Ìyá ọmọ tí à ń wí yìí kọ wọ́n sínú ìwé fún un, pẹ̀lú àkókò àti ènìyàn tí ó tọ́ sí. Ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú aago 12, yóò kí yín pé ẹ káàárọ̀. Ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ káàsán ni. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ọmọkùnrin gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó jù ú lọ, ó bèèrè ọjọ́ orí olùgbowó ọkọ̀ kan ní Garrison kí ó tó dọ̀bálẹ̀ fún un. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Olùgbowó náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò bọ̀wọ̀ fún òun tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn baba wa ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ó ti fi ìyà jẹ ọ̀pọ̀ ọmọ. Irú ọmọ yìí ń fẹ́ odidi ọ̀rọ̀ láti ẹnu wá. Ohun tí a bá sọ ni yóò gbà. Ẹ wo gbólóhùn kan tí gbogbo wa ń sọ bí a bá ń jáde nílé: "Mò ń bọ̀." Ta ni ó ń bọ̀? Ẹni tí ó kọ ẹ̀yìn sí ilé tí ó ń lọ! Ní ọjọ́ kan ìyá rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó lọ sí ọjà. Ọmọ náà dúró sí ẹnu géètì láti aago 11 di aago 3, nínú òjò, ó ń retí ẹni tí ó ní òun ń bọ̀. Àwọn ará ilé ní olóríkunkun ni. Nísinsìnyí, ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ ni pé, "Mò ń lọ sí ọjà. Màá padà dé ní aago 4. Bí n kò bá dé, màá pè ọ́ lórí fóònù." Ó sì ń pè é.

Títún ọ̀rọ̀ ẹni sọ tí ó fẹ́ pa á nítòsí ọjà yẹn, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ẹ̀rù bá bà á, tí èsì kò sì tètè wá, ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ gbẹ̀yìn ni yóò jáde. Ó lè jẹ́ bí ó ṣe ń gbìyànjú láti dáhùn nìyẹn. Bí ẹ bá bi í ní ohun kan ṣoṣo pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, tí ẹ sì dúró fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó gbọ́ èsì. Àwa ti dán an wò. Dídúró náà ni ó ṣòro fún àwa Yorùbá, tí a kò lè rí àlàfo nínú ọ̀rọ̀ kí a má dí i.

Ariwo ńkọ́? Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ní apá ọ̀tún, gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì ní apá òsì, fèrè ọkọ̀ láti Artillery títí dé Rumuola. Etí tiwa ti kú sí i. Lọ́pọ̀lọpọ̀ irú ọmọ yìí, etí kò kú sí ohunkóhun. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, fèrè ọkọ̀ àti ọ̀rọ̀ olùkọ́ lọ́gbọọgba. Bí ó bá fi ọwọ́ di etí, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi ara, ńṣe ni ó ń wá ìtura. Nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó kan lọ́dún tó kọjá, gbogbo ìdílé wọ aṣọ ẹbí, léèsì olówó ńlá. Kí ìyàwó tó wọlé, ọmọ náà ti bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n nà án. Ìyá rẹ̀ ní bí ìgbà tí ẹ̀gún ń gún un ni léèsì náà ṣe rí lára rẹ̀, pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú, wọ́n ní kó máa jẹ́ kí ọmọ kó bá òun. Ṣé àdìrẹ kò lè ṣe é ni? Àwọ̀ kan náà, aṣọ tó rọ̀, kí ọmọ jókòó ní àlàáfíà.

Oúnjẹ náà nìyẹn. Ìrẹsì yóò wà lọ́tọ̀, ọbẹ̀ yóò wà lọ́tọ̀, ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ kan èkejì. Ilá kò lè wọ ẹnu rẹ̀ láéláé. Àwọn kan nínú yín ní ebi ni yóò kọ́ ọ. A ti rí i pé ebi kì í kọ́ ọ. Ńṣe ni ó ń rù.

Ìyá rẹ̀ tún bi wá ní ohun kan tí ó kan gbogbo ẹgbẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí ọmọ náà lọ nígbà kan rí ní kí wọ́n dá Yorùbá dúró, kí wọ́n máa bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, nítorí èdè púpọ̀ ni kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ràn fún ọdún méjì. Nínú ọdún méjì náà, ọmọ yìí kò lè bá ìyá rẹ̀ àgbà sọ nǹkan kan, Gẹ̀ẹ́sì ìyá àgbà kò sì ju "good morning" lọ. Àwọn olùwádìí ní Kánádà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, wọn kò rí i pé èdè méjì ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára. Ẹ sọ Yorùbá fún ọmọ yín. Èdè tí ẹ fi mọ ìfẹ́ hàn dáadáa ni kí ẹ bá a sọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti ibi iṣẹ́ tiwa kún un. Láti ọdún 1916 ni ojú irin ti so Port Harcourt mọ́ Enugu nítorí èédú. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ibí sí Aba ní ọdún 2024, ọmọ yìí wá sí ibùdókọ̀ pẹ̀lú àbúrò ìyá rẹ̀. Ó wo àkókò ìrìnnà lára ògiri ní ẹ̀ẹ̀kan, ó sì mọ̀ ọ́n sórí. Ọkọ̀ náà pẹ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì sọ fún àwa òṣìṣẹ́ pé a pẹ́, láìbínú, bí ẹni tí ń ròyìn ojú ọjọ́. A kò rí èsì fún un.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin báyìí. Ní New York, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ìlú ní kíláàsì kan fún àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù tí wọ́n fẹ́ràn rélùwéè, kí wọ́n lè ti ibẹ̀ kọ́ bí a ti ń bá ẹgbẹ́ ẹni ṣe. A lérò pé ó yé wa. Ọkọ̀ ojú irin kì í yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ó ní àkókò, ó ní nọ́ńbà, kò sì ní ojú tí ènìyàn gbọ́dọ̀ máa wò kí ó tó mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé gbogbo wọn ni ó mọ nọ́ńbà sórí. Ọmọ Nàìjíríà kan, Kanyeyachukwu Tagbo-Okeke, tó ní ọ́tísìmù, ya àwòrán kan tí ó ju mítà oníhà mẹ́rin 12,000 lọ, wọ́n sì fi hàn ní Abuja ní ọdún 2025 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ìwé Guinness gbà á pé kò sí èyí tó tóbi tó o. A bá a yọ̀. Ọmọbìnrin kan sì wà láàárín wa níhìn-ín tí kì í ya àwòrán, tí kì í ka nọ́ńbà, tí kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Àwòrán omi, oúnjẹ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ìyá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ páálí tí ó fi ń tọ́ka. Òun náà ọmọ wa ni. Bí a bá ń dúró de ẹ̀bùn ìyanu kí a tó fẹ́ràn wọn, a ó ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi.

A dé orí ilé àdúrà. Àwa náà ń gbàdúrà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣì wá gbọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch kọ ìròyìn nípa ohun tí wọ́n rí ní ilẹ̀ wa: wọ́n so àwọn tí ọpọlọ wọn yàtọ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ilé ìsìn, ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, àti ní àwọn ilé ìjọba pàápàá. Àwọn baba wa tí a ń pè ní kèfèrí ní arọ, abuké àti àfín, ẹni òrìṣà ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Kí ni a ní tí ó dára ju ìyẹn lọ, tí ó wá di ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀? Ẹ̀wẹ̀, àwọn ìyá tí wọ́n ń sá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ padà o. Ọ̀gbẹ́ni Wakefield ni ó kọ irọ́ náà ní ọdún 1998, lórí ọmọ 12 péré. Ìwé ìròyìn tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ti fà á padà ní ọdún 2010. Ìgbóná èéyi ń pa ọmọ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í fa ọ́tísìmù.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá pé ọdún 2 tí kò sọ̀rọ̀, tí a pe orúkọ rẹ̀ tí kò wẹ̀yìn, kí ó kọ́kọ́ lọ yẹ etí rẹ̀ wò, nítorí adití àti ọlọ́tísìmù lè jọ ara wọn. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì wà ní Alakahia. Ti ọpọlọ wà ní Rumuigbo, kò sì sí ìtìjú nínú à ń lọ síbẹ̀. Bí gìrì bá ń mú un, ẹ má ṣe fi òróró pa á lára kí ẹ sì sùn. Ó wọ́pọ̀ lára irú àwọn ọmọ yìí, oògùn rẹ̀ sì wà. Fún ẹni tí ń lọ sí ilé, Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ní Èkó, Arábìnrin Dótun Akande dá ilé ẹ̀kọ́ Patrick sílẹ̀ ní ọdún 2006, lẹ́yìn tí òun náà rí ọ̀rọ̀ yìí lára ọmọ rẹ̀. Kò sí oògùn tí ń wo ọ́tísìmù sàn, ẹ má ṣe fi owó yín fún ẹni tí ó bá ní òun ní in. Ẹ̀kọ́, sùúrù àti ìgbà pípẹ́ ni ó ń ṣiṣẹ́.

Òfin sì wà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka fífi abarapá du ẹ̀tọ́ rẹ̀ léèwọ̀. Ẹni tí ó bá rú u lè san ₦100,000 tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. A mọ̀ pé òfin inú ìwé kì í dúró ní ẹnu ọjà nígbà tí wọ́n bá ń pe táyà.

Nítorí náà ni ìpàdé fi ẹnu kò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ti mú ọmọ náà lọ hàn fún alága ọlọ́kẹ̀kẹ́, ìyálọ́jà àti àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò. Wọ́n ti ṣe káàdì kan tí ó ń fi kọ́ ọrùn, tí ó ní orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ìyá rẹ̀, àti pé kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tí ó bá tún pè é ní dìndìnrìn nínú ìpàdé yóò san ₦2,000 sápò ẹgbẹ́; bàbá kan ti san tiwọn kí ìpàdé tó tú. Àwọn ìwé owó àjọ tí ó ti dojú rú láti ọdún 2016 náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta ni ó fi tò wọ́n ní ọjọ́ sí ọjọ́. Ó rí owó méjì tí a gbà tí a kò kọ sílẹ̀, akápò sì ti ń ṣàlàyé. Wọ́n ń san owó fún un bí wọn yóò ti san fún ẹlòmíràn.

Ohun kan tí a kò rí ojútùú rẹ̀ ni ìbéèrè tí ìyá rẹ̀ bi wá nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo bá kú ńkọ́?" Àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 9. A sọ fún un pé ẹgbẹ́ wà. Ó wò wá pẹ́. Ó ní òun gbọ́, pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀. A ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀.

Ìkéde: Ìkómọjáde ọmọ tuntun tí a bí sí ìdílé àbúrò ìyá ọmọ yìí yóò wáyé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀ ní Rumuomasi, ní aago 8 òwúrọ̀. Ọmọ wa yóò wà níbẹ̀ láti kí ọmọ tuntun káàbọ̀ sáyé. Ó ti ń kọ́ ìkíni náà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọn kò ní tan gbohùngbohùn títí di aago 11. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ariwo, aago 11 ni kí ẹ dé. Ẹ óò bá oúnjẹ.